Àbùlẹ̀ Tí Mo Fọwọ́ Sí

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú díẹ̀ ni fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò a máa kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn yóò tún jìn sí i.

Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá, kí n tó lọ sí Òṣogbo níbi tí mo ń gbé tí mo sì ti ń ṣiṣẹ́ di òní. Bí àwọn ará ilé bá bi ìyá mi pé iṣẹ́ kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, a ní, "Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà." Kò parọ́, ṣùgbọ́n kíkà ni mo ń kà ju títẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ fún kọ̀ǹpútà, kí n wò ó bóyá ó tọ́, kí n sì fọwọ́ sí i tàbí kí n dá a padà. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń máàkì ìwé ọmọ, àfi pé bí èmi bá ṣi ọ̀kan máàkì, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán sójú gíláàsì. Lẹ́tà tí ẹ ń kà, fọ́tò tí ẹ ń wò, òun ni ó ń yà wọ́n, tí ó sì ń tún wọn yà lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ yìí kò lè dá ṣe ohunkóhun. Kóòdù kan ni ó ń darí rẹ̀, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní dírébà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń wa ọkọ̀. Dírébà ọkọ̀ ní jíà àti bíréèkì tí ó ń tẹ̀. Dírébà inú kọ̀ǹpútà náà ní ohun tí ó ń tẹ̀. Rẹ́jísítà ni a ń pè wọ́n. Kì í ṣe rẹ́jísítà tí ẹ̀yin olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ láàárọ̀ o! Tiwa dà bí pátákó tí a to súìṣì iná sí, méjìlélọ́gbọ̀n lórí pátákó kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀kan lè wà ní títàn, òmíràn lè wà ní pípa. Bí dírébà bá ṣe tò wọ́n ni ẹ̀rọ yóò ṣe ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ènìyàn ni ó ń ṣe ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í sì í ṣàìní àléébù. Bí àléébù bá wà nínú kóòdù, a lè pa á rẹ́ kí a tún un kọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fín sára ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti tà káàkiri ayé, ta ni yóò lọ kó o padà? Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, fi han ayé pé ẹ̀rọ Pentium ti ilé iṣẹ́ Intel máa ń ṣi ìṣirò pín nígbà mìíràn. Nínú tábìlì tí ẹ̀rọ náà fi ń pín nọ́ńbà, àwọn ojú ilé kan wà tí kò ní ohun tó yẹ kó wà nínú wọn. Bí ẹ bá ní kí ó fi 3,145,727 pín 4,195,835, 1.33382 ni ó yẹ kí ó mú wá, ṣùgbọ́n 1.33374 ni yóò sọ fún yín. Nígbà tí ariwo pọ̀, Intel gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wọ́n sì kéde ní oṣù kìíní ọdún 1995 pé ọ̀rọ̀ náà yóò ná àwọn ní 475 mílíọ̀nù dọ́là.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè dúró de ẹ̀rọ tuntun. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wá ọgbọ́n kan. Bí kóòdù bá rí i pé nọ́ńbà tó fẹ́ fi pín lè bọ́ sójú ilé òfìfo yẹn, yóò kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìdá 15 nínú 16 ara wọn, kí ó tó pín wọn. Ìdáhùn kò yí padà, nítorí a gé àwọn méjèèjì bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní gba ibi tó bàjẹ́ kọjá. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Afárá já, a kò sì lè tún un kọ́ lónìí. A gba ẹ̀bùrú, a dé ọjà.

Ẹ̀bùrú pọ̀ nínú dírébà àwòrán ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nínú Linux, ìyẹn kóòdù ńlá tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, dírébà àwòrán ti Intel ní odidi fáìlì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀bùrú lọ. Àwọn kan wà fún ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde nìkan, nítorí wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan sì wà títí ẹ̀rọ náà yóò fi kú. Àwọn rẹ́jísítà kan tún ní òfin tó ṣàjèjì: súìṣì mẹ́rìndínlógún ni ó ń ṣiṣẹ́, mẹ́rìndínlógún tó kù jẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Bí o bá tẹ súìṣì láìṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní bá ọ jà, kò ní pariwo. Yóò kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, bí ó bá kọ nǹkan sí rẹ́jísítà tán, a tún un kà padà kí ó lè mọ̀ bóyá ó wọlé.

Èyí tó wá ṣòro jù ni ìgbàgbé. Bí kọ̀ǹpútà bá sùn tí ó jí, tàbí tí ẹ̀rọ àwòrán bá há tí a tún un tàn, púpọ̀ nínú rẹ́jísítà rẹ̀ yóò padà sí bí ó ṣe wà ní ọjọ́ tí ó ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n ta ọjà mọ ohun tí mo ń wí. Òṣùwọ̀n kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dúró lórí òdo. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti yí i kí ó lè tọ́. Òjò dé, ẹ gbé e wọlé. Nígbà tí ẹ óò fi gbé e jáde, ó ti padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Ẹni tí kò bá tún un yí ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé e, yóò rẹ́ ara rẹ̀ jẹ tàbí kí ó rẹ́ oníbàárà jẹ.

Wàyí o, ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó wà ní òkè òkun, fi àbùlẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Àbùlẹ̀ ni mo ń pe àtúnṣe tí a bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ kóòdù àtijọ́. Dírébà ilé iṣẹ́ mìíràn ni, kì í ṣe ti Intel. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí ẹ̀bi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, tèmi ni. Nínú kóòdù àtijọ́, ẹ̀bùrú kan wà tí dírébà ń kọ sí rẹ́jísítà ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá jí lójú oorun. Àbùlẹ̀ tuntun náà ní kí a máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a bá kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà, kí kóòdù lè mọ́, kí jíjí rẹ̀ sì lè yá. Ẹni tó kọ ti àtijọ́ kò kọ ìdí tí ó fi ń tún un kọ sílẹ̀. Ó jọ àṣejù lójú wa.

Mo kà á ní ìlà dé ìlà. Nọ́ńbà rẹ́jísítà tọ́. Súìṣì tọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pé. Mo tan kọ̀ǹpútà mi, mo ka rẹ́jísítà náà padà, ẹ̀bùrú wà níbẹ̀ digbí. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọkàn mi ti wà nílé. Mo kọ orúkọ mi sí i pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé ìlànà àwọn oníṣẹ́ Linux sọ ohun tí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ń sọ pé òun ti yẹ iṣẹ́ náà wò, pé òun ti sọ gbogbo ohun tó kọ òun lójú fún ẹni tó kọ ọ́, àti pé òun gbà pé ó yẹ kí ó wọlé. Ó tún sọ ọ́ kedere pé olùyẹ̀wò kì í ṣe onídùúró pé yóò ṣiṣẹ́ ní ibi gbogbo. Ní ti ìwé, mo bọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ni ó ń jẹ ìyà.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ní Ìlá tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré, níbi tí ó ti ń bá ènìyàn tẹ ìwé tí ó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Owó tí ó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, èmi ni mo sì fi Linux sí i fún un. Mo sọ fún un pé ìgbàkígbà tí ó bá ní àtúnṣe tuntun ti dé, kí ó gbà á, nítorí oore ni. Ó sì ṣe bí mo ti wí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àtúnṣe kan dé, ó gbà á. Kò pẹ́, ó pè mí.

"Bọ̀dá mi, kọ̀ǹpútà yìí dákú lánàá. Àwòrán ojú rẹ̀ fà ya bí aṣọ, ó wá dúró gbagidi."

Mo ní, "Bátìrì rẹ ni. Lọ pààrọ̀ rẹ̀."

Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní 25,000 náírà. Kò dáwọ́ dúró. Ó tún pè mí, mo ní ooru ni, kí ó gbé e kúrò nítòsí fèrèsé. Nígbà tí ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo wà láàárín iṣẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dùn mí di òní. Mo ní, "Ó ní láti jẹ́ pé ìwọ ni o ń tẹ ohun tí kò yẹ kí o tẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣé, sà." Kò pè mí mọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àkókò ìdánwò ìparí táàmù ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbé ìbéèrè gbogbo kíláàsì fún un láti tẹ̀. Lóru ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, kọ̀ǹpútà náà há mọ́ ọn lọ́wọ́, ohun tí kò tíì fi pamọ́ sì lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà bínú, ó kó iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Ìyá mi ni ó sọ èyí fún mi nígbà tí mo dé Ìlá fún ọdún Kérésìmesì. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó bá mi gbé omi wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Mo tẹ̀ lé e lọ. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà fún wákàtí kan, kò ṣe nǹkan kan. Mo ti fẹ́ wí pé kò sóhun tó ṣe é nígbà tí iná lọ. Àbúrò mi na ọwọ́, ó pa ojú kọ̀ǹpútà dé.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi pa á dé?"

Ó ní, "Kí bátìrì má bàa tán ni. Bí iná bá ti lọ, a óò pa á dé. Bí a bá rí epo sí jẹnẹrétọ̀, a óò ṣí i."

Ó yọ jẹnẹrétọ̀ síta, ó tàn án, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ó jí dáadáa. Ó tẹ ìwé kan tí fọ́tò pọ̀ nínú rẹ̀, pé kí ó ṣí. Ojú rẹ̀ fà ya, ó sì dúró.

Ọkàn mi já. Mo tún un tàn, mo ka àwọn rẹ́jísítà rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, mo jẹ́ kí ó sùn, mo jí i, mo sì tún wọn kà. Súìṣì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Kí ó tó sùn, ó wà ní títàn. Lẹ́yìn tí ó jí, ó ti kú. Ní Òṣogbo, mo ní inverter. Kọ̀ǹpútà mi kì í sùn. Ti ẹni tó kọ àbùlẹ̀ náà kì í sùn pẹ̀lú, nítorí iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ti àbúrò mi ní Ìlá ń sùn, ó ń jí, nígbà mẹ́fà, nígbà méje lójúmọ́.

Irinṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní Git, tí Torvalds náà ṣe ní ọdún 2005. Ó ń tọ́jú ìtàn gbogbo ìlà kóòdù: ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Mo bi í léèrè pé ta ni ó mú ẹ̀bùrú yìí kúrò níbi jíjí. Ó gbé àbùlẹ̀ oṣù kẹta jáde. Orúkọ mi ni mo rí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo lè dákẹ́. Àbúrò mi kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ rẹ́jísítà. Mo lè tún un ṣe kí n sì wí pé, "Ó ti dára o," kí ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá sí mi lọ́kàn bẹ́ẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí pé mo ti sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára. Mo pè é, mo ní kí ó jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe ooru, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ohun tó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ìgbà mẹ́ta ni mo pè yín. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kò bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà wo ni ó máa ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Gbogbo ohun tí mo yẹ̀ wò nínú àbùlẹ̀ náà ni ó tọ́. Mo bi í pé kí ni o kọ? Mo bi í pé ibo ni o kọ ọ́ sí? N kò bi í pé ìgbà wo ni ó yẹ kí a kọ ọ́, ìgbà wo ni yóò sì parẹ́. N kò sì bi ẹni tí ń lò ó ní ìbéèrè kan náà, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Mo dá owó bátìrì padà fún un. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, mo sì ṣàlàyé pé ẹ̀bi àbúrò mi kọ́. Ó gbọ́ mi títí, ṣùgbọ́n ó ti gbé iṣẹ́ táàmù tó ń bọ̀ fún ẹlòmíràn. Mo kọ àbùlẹ̀ tuntun tí ó dá ẹ̀bùrú náà padà síbi jíjí. Ní òkè rẹ̀ mo kọ ìdí: pé rẹ́jísítà yìí máa ń gbàgbé lẹ́yìn oorun, àti ohun tí ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣe bí a bá yọ ọ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pé èmi ni mo fọwọ́ sí èyí tó bà á jẹ́. Ẹlòmíràn ni ó yẹ tuntun náà wò. Ó dá a padà sí mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbà á, inú mi kò sì bàjẹ́.

Ìlá wa jẹ́ ìlú àwọn agbẹ́gilére. Lamidi Fakeye tí ayé mọ̀, tí ó kú ní ọdún 2009, ọmọ Ìlá ni. Inú agbo ilé agbẹ́gi ni wọ́n bí i sí, ó ti ń gbẹ́gi kí ó tó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí ó ti tún di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ George Bandele, ọmọ Àreògún. Àwọn agbẹ́gi ní ìpele iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní àlétúnlé: ohun tí wọ́n ti lé tẹ́lẹ̀, wọn a tún un lé. Kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ dé ibi tí kò ní í nílò ojú ẹlòmíràn, tàbí kí ó padà sórí ohun tí ó ti ṣe.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ̀bùrú wà nínú iṣẹ́ yín gbogbo. Ilé ẹ̀kọ́ kan kì í fi kíláàsì kẹta sí yàrá ìkángun ní oṣù keje. Ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí ni ìtumọ̀ èyí, ó sì yí i padà. Òjò rọ̀, ìwé àwọn ọmọ tutù. Ìyá ọlọ́jà kan kì í ta gbèsè fún ẹnì kan ní ìparí oṣù. Ó rìnrìn àjò, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ìdí, ó tà á. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀bùrú, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì bá ẹ̀bùrú ẹlòmíràn lójú ọ̀nà tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má tíì dí i. Ẹ wá ẹni tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, kí ẹ bi í pé ìgbà wo.

Kọ̀ǹpútà àbúrò mi ń sùn, ó ń jí, ó sì ń ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Bí ó bá pè mí pé nǹkan kan ń ṣe é, mo ti kọ́ láti pa ẹnu mi mọ́ ná, kí n jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ tán.